Ọkùnrin Inú Àpótí Kò Dúró Gbọ́ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ̀, ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó máa dín àkàrà, tí ẹnì kan tí mi ò rí yóò sì máa ka odidi ìwé sí mi létí, ǹ bá ní ibà ló ń ṣe ẹni náà. Ìwé tí a mọ̀ nígbà náà, ti lékọ́ọ̀lì, ilé ìwé wa, ni. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, pàṣán Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, kì í sì í jìnnà sí i. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ pàṣán náà, ẹ ò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí lónìí. Ìwé kún inú pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Mò ń fọ aṣọ, wọ́n ń kàwé sí mi létí. Mò ń lọ sọ́jà, wọ́n ń kà á. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín lójú pópó láìsí ẹni tó bá mi ṣàwàdà. Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti ń yí díẹ̀díẹ̀, mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ohun tí kò yé wọn ni bí mo ṣe le mọ́ àwọn tó ń ka ìwé àfetígbọ́ wọ̀nyí. Kí ẹni náà tó ka ojú ewé kan tán, mo ti mọ̀ bóyá n ó bá a dé òpin ìwé. Mo ti fi ìwé tó dáa sílẹ̀ nítorí ẹnu tó kà á, mo sì ti gbọ́ ìwé tí kò ní orí tí kò ní ìdí dé òpin nítorí pé ẹni tó ń kà á mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn. Ẹ̀kọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi, tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí mo rò nìyẹn.

Ilé wa kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti ká ẹ̀gúsí ní oko wa ní Bessé, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀gúsí, ẹ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹrà kí wọ́n tó fọ kóró rẹ̀ kúrò nínú ìdọ̀tí. Òórùn yẹn á wọ aṣọ, á wọ irun, Mẹ́tìrì á sì ní kí àwa ọmọ ẹlẹ́gùúsí lọ jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Tí wọ́n bá wá sá a gbẹ tán, ó di ti àwa ọmọdé. Bí a bá ti jẹun tán nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní sí àárín agbo ilé, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á da ẹ̀gúsí sílẹ̀ ní òkìtì, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Bíbó ẹ̀gúsí kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó kàn máa ń mú èékánná ẹni ta ni, oorun sì máa ń bá a wá.

Torí oorun yẹn ni Ìyá Àgbà ṣe máa ń pa àlọ́. Á jókòó lórí ìjókòó kékeré rẹ̀, á fi áásáà díẹ̀ sẹ́nu, á kó ẹ̀gúsí tirẹ̀ sórí itan. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tí ọwọ́ wa bá dúró, àlọ́ náà dúró. Kò ní pariwo, kò ní nà wá. Á kàn dákẹ́, á máa bó tirẹ̀ lọ, títí a ó fi rí i pé ohun tó dá ìtàn dúró wà ní ọwọ́ ara wa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òkìtì ẹ̀gúsí ló fi ń wọn àlọ́ rẹ̀. Tí òkìtì bá kéré, àlọ́ á yá. Tí ó bá pọ̀, ẹranko tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí á yọ jáde láti inú igbó, ìtàn á gba ọ̀nà mìíràn. Ibi tó bá ti rí i pé orí ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni orin máa ń bọ́ sí.

Ohùn rẹ̀ kò dùn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Áásáà ti jẹ ẹ́. Kì í yí ohùn padà fún ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Ọba àti ìgbín, ohùn kan náà ni, ọrùn nìkan ló máa ń yí. Ṣùgbọ́n tí nǹkan búburú bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, á mí. Ó kàn máa ń mí ni, gbogbo wa á sì dẹ́kun ikọ́. Tí ó bá sì ní, “Ààlọ́ o,” á dúró títí gbogbo wa á fi dáhùn, “Ààlọ̀.” Tí ẹnì kan kò bá dáhùn, á tún un sọ, á máa wo ojú ẹni náà. Kò sẹ́ni tó wọ inú ìtàn Ìyá Àgbà láìjẹ́ pé ó wọlé fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń pa àlọ́ obìnrin kan tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òjìji. Ọ̀rẹ́ náà fẹ́ lọ sọ́jà tó jìnnà, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i pẹ̀lú òjìji méjì kí wọ́n lè máa bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbà tó dé, ó ní òun kò dá a padà mọ́. Obìnrin wa wá di ẹni tí oòrùn ń ràn sí tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ funfun, ajá pàápàá kò fẹ́ bá a rìn. Ó lọ dúró létí odò, ó la ẹnu láti pe òjìji rẹ̀. Ibẹ̀ la dé tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọlé láti Pàràkú. Rédíò tó ń gba kasẹ́ẹ̀tì wà léjìká rẹ̀.

Gbogbo wa fò dìde. Ẹ̀gúsí fọ́n ká bí ẹni pé adìyẹ ló já wọ inú rẹ̀. Nínú kasẹ́ẹ̀tì náà, ọkùnrin kan ń pa àlọ́. Ṣé ẹ lè fojú inú wò ó? Ẹnì kan tí kò sí nílé wa, tí kò jẹun nílé wa, ń pa àlọ́ nílé wa. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Àgbà bóyá obìnrin etí odò rí òjìji rẹ̀ gbà. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọkùnrin inú kasẹ́ẹ̀tì yìí ni òǹkàwé àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láyé mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó fi ṣúgà ṣan ẹnu. Yorùbá ìlà-oòrùn ló ń sọ, ti ìkọjá ààlà, tó mọ́ ketekete, àwa ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara wa níbi tí a ti ń pọn omi. Wọ́n ń ta gìtá sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lè ké bí ewúrẹ́, ó lè bú ramúramù bí kìnnìún. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Tí ó bá ní, “Ààlọ́ o,” kí a tó ní ká dáhùn, ó ti lọ. Làtífà, ọmọ Bàbá Kékeré tó fi ọdún kan jù mí lọ, rò pé etí ló ń dun ọkùnrin náà. Ó máa ń gbé ẹnu mọ́ rédíò, á pariwo, “Ààlọ̀,” títí ìyá rẹ̀ á fi ju abẹ̀bẹ̀ lù ú láti ìdí ààrò.

Ìṣòro kejì ni pé kasẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé ẹ̀gúsí wà nílẹ̀. Ìtàn á parí, òkìtì á wà bó ṣe wà. Wọ́n fi ìyà jẹ wá nítorí ẹ̀gúsí tí a kò bó, a kúnlẹ̀, a nawọ́ sókè, a sì tún padà sídìí rédíò. Nígbà tí mo wá bẹ Ìyá Àgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kó parí ti olójìji fún wa, kò gbójú sókè. “Ẹ lọ bá ọkọ yín inú àpótí,” ló wí, ó sì ń bó ẹ̀gúsí lọ ní òun nìkan lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ gìtá ti bẹ̀rẹ̀, mo sáré padà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí píìlì, bátìrì inú rédíò? Tí píìlì bá fẹ́ kú, ohùn ọkùnrin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á wúwo, á di ohùn iwin, àwọn kékeré inú wa á sì sá wọ abẹ́ ibùsùn. A máa ń sá píìlì sóòrùn lórí òrùlé kí ó lè jí. Ó máa ń jí lóòótọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ kó tó tún kú. Ohun tó fa gbogbo wàhálà nìyẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan tí a kò lọ lékọ́ọ̀lì, píìlì gbóná dáadáa lọ́wọ́ wa, a sì mọ̀ pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Ọ̀sán gangan sì ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèwọ̀ ni pípa àlọ́ lọ́sàn-án. Ní agbo ilé wa, wọ́n ní ọmọ tó bá dán an wò, ìyá rẹ̀ yóò ṣìnà, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Mo rán Làtífà létí. Làtífà, tí wọ́n ti ń sọ láti kékeré pé lóyà ni yóò dà, ní ṣé àwa là ń pa á ni? Ẹnu wa pa dé. Èèwọ̀ kò ká píìlì. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. A tẹ rédíò, ọkùnrin inú àpótí sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú oòrùn gbangba.

Ìyá Àgbà yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. “Ta ló ń pa àlọ́ lọ́sàn-án nínú ilé yìí?”

Gbogbo wa nawọ́ sí rédíò. Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. “Ṣé ó ní ìyá?” ló bi wá. A ní, “Rárá, Ìyá, kò ní.” Ó mi orí. “Tí kò bá ní ìyá, ìyá ta ni yóò wá ṣìnà báyìí?” Ó sì padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá.

A pa rédíò náà kíá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àgbà. Làtífà bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, ìyẹn wà nídìí ààrò, ó ń ro ọkà, kò ṣìnà lọ síbì kankan. Ìyá tèmi ló wà ní Bessé. Oko ló lọ láti àárọ̀, kì í sì í pẹ́ kọjá ìgbà tí àwọn àgbà ilé bá ń ki ìrun ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kírun tán, n kò rí i. Oòrùn lọ sẹ́yìn òkè, n kò rí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ewúrẹ́ fi wọlé tán, gbogbo obìnrin tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí ni mo fi ṣe ìyá mi, gbogbo wọn ló sì ń kọjá lọ. Mo wò ó pé ó ń rìn nínú igbó báyìí, tó ń wo ọ̀nà tí kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ẹkún kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Màmá mi padà.”

“Èmi kọ́ ni mo pa àlọ́ lọ́sàn-án,” ó dá mi lóhùn. “Àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbè ló ń rìn káàkiri. Ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ da ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ìwọ ni kí o pa èyí tó tọ́, lákòókò tó tọ́. Níbo la dé nínú ti olójìji?”

Bí mo ṣe jókòó sí ààyè àgbà nìyẹn, èmi tí imú mi ń ṣàn. Mo ní, “Ààlọ́ o.” Ẹ wá gbọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe dáhùn. Ó fi gbogbo àyà dáhùn, bí ọmọdé, ojú rẹ̀ wà lára mi, ọwọ́ rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo fẹ́ kí ìtàn tètè tán kí ìyá mi lè tètè dé. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. “Ta ló ń lé ọ? Dúró kí n gbọ́ ọ.” Mo mí. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti ọ̀rẹ́, mo sọ ti ọjà, mo sọ ti ajá tí kò fẹ́ báni rìn, gbogbo ọwọ́ sì ń lọ lórí ẹ̀gúsí. Mo dé etí odò. Kò sí orin níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá a dúró, èmi ni mo fi ọ̀kan sí i, mi ò mọ ibi tó ti wá:

Òjìji mi, gbọ́ ohùn mi o,
Jíńjìnrìn.
Ilẹ̀ ń ṣú o, jẹ́ ká lọlé,
Jíńjìnrìn.

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ gbè é. Làtífà gbè é. Ìyá Làtífà gbè é láti ìdí ààrò. A wá ń kọ ọ́ lọ, mo ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń pe ènìyàn lóòótọ́. Bí mo ṣe ní, “Jẹ́ ká lọlé,” mo gbọ́ “Jíńjìnrìn” kan láti ẹnu ọ̀nà ìta, tó yàtọ̀ sí ti gbogbo wa, tó ti rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú abọ́ ńlá lórí. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ẹni tó gbé e ti já ní ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé. Orin wa ló gbọ́ láti òpópónà tó fi ń gbè é, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Mo di mọ́ ìró rẹ̀. Òórùn ẹ̀gúsí àti èéfín igi wà lára rẹ̀. Mi ò tíì gbóòórùn ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí títí di òní.

Ìyá Àgbà gba àlọ́ náà lẹ́nu mi lẹ́yìn tí ìyá mi ti jẹun, ó sì parí rẹ̀. Obìnrin yẹn dúró de ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji gbogbo ènìyàn bá kéré lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó lọ dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ọjà, òjìji dàpọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ti ta ni. Àwọn méjèèjì wá kọrin. Ọ̀rẹ́ ń kánjú, ó kọ ọ́ tán kí òjìji tó gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin wa kọ tirẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, òjìji rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Òkìtì ẹ̀gúsí ti tán nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí rédíò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nílé wa, á dúró kí Ìyá Àgbà parí tirẹ̀ ná.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti lọ. Lẹ́yìn tí a sin ín ni ìyá mi wá sọ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé yàtọ̀ sí ṣéènì tó já, láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni òun ti sọ fún Ìyá Àgbà pé iṣẹ́ oko yóò jẹ́ kí òun pẹ́ kí òun tó dé. Arúgbó yẹn mọ̀. Ó jókòó níbẹ̀, ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n pa àlọ́ mi.

Ẹ ti wá rí ibi tí mo ti kó agídí mi. Ẹni tó bá ń sáré nínú ìwé, mo máa ń bi í sókè pé ta ló ń lé e. Ọmọkùnrin mi máa ń tẹ ibì kan lórí pọ́tábù rẹ̀ tí òǹkàwé á fi máa sáré bí ẹni tí oyin lé, ó ní òun fẹ́ tètè parí ìwé. Mo ní, tó o bá parí ẹ̀ tán, ibo lò ń lọ? Àwọn tó ń yí ohùn fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, mo máa ń gbà fún wọn díẹ̀, kó má kàn di pé gbogbo arúgbó ń wú ikọ́. Àwọn tó ń fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n yáa yan ọ̀kan. Àwọn tó sì ń fi ẹnu Faransé ka Yorùbá, tí òkè àti ilẹ̀ ọ̀rọ̀ di ọ̀kan náà, mo ń gbàdúrà fún wọn.

Ti ìsinsìnyí ló wá jọ mí lójú jù. Ẹ̀rọ ti ń kàwé fúnra rẹ̀ báyìí, láìsí ènìyàn kankan nídìí rẹ̀. Ó ń ka ìwé bó ti tọ́, kì í ṣì í pè, kì í rẹ̀ ẹ́. Ó ka ikú ọmọ kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá bí ẹni ń ka iye owó iṣu. Mo yọ okùn pọ́tábù tí mo fi ń gbọ́ ọ kúrò létí, mo wo pọ́tábù náà, mo sì bi í léèrè gan-an pé ṣé ó ní ìyá.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀kan. Inú mi dùn tí mo fi fẹ́ sọ fún gbogbo ayé. Obìnrin kan ni, mi ò mọ ojú rẹ̀. Ó ń ka ìwé ìtàn kan tí àlọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ máa ń gbọ́ tó ń gbé itọ́ mì kó tó sọ ohun tó bani nínú jẹ́. Ìjókòó rẹ̀ máa ń dún. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà kan, kò yọ ọ́ kúrò, ó kàn dúró kí àkùkọ náà ṣe tirẹ̀ tán. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mò ń bọ̀ láti Kùtọnú nínú takisí, okùn wà létí mi, obìnrin yìí sì ní, “Ààlọ́ o.” Ó wá dúró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó dúró. Nínú yàrá rẹ̀ níbi tí òun nìkan wà, ó ti fi àyè sílẹ̀ fún mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dáhùn, “Ààlọ̀,” pẹ̀lú gbogbo ohùn mi.

Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí mi. Bàbá kan tó wà níwájú ní, “Ìyá, ta lẹ dá lóhùn?” Mo yọ okùn náà, mo jẹ́ kí ohùn obìnrin náà jáde. Kí a tó dé Dásà, wọ́n ti ń gbè orin. Nígbà tí a wọ gáà Ṣábẹ̀, ibùdókọ̀ wa, dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó ń pàlọ́ máa ń rí ojú wa, ó máa ń mọ ìgbà tí orí wa tẹ̀. Lónìí kò rí wa, kò mọ̀ bóyá a ti sùn. Síbẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ṣì ń dúró dè wá, ìyẹn sì tó mi.

Ìgbà tí ìtàn náà tán ni mo tó wo òkè. Oòrùn wà láàárín orí wa gan-an. Àyà mi já. Nígbà kan, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dúró tí mò ń sunkún. Báyìí, pọ́tábù tó pa àlọ́ lọ́sàn-án náà ni mo fi pe ìyá mi, níbẹ̀ gan-an, kí n tó gbé àpò mi.

“Màmá, níbo lẹ wà?”

“Ilé ni mo wà,” ló wí. Mo gbọ́ èèpo ẹ̀gúsí tó ń já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Ta ló tún pa àlọ́ lọ́sàn-án?”